Ìrìn ẹsẹ̀ àti pípàgọ́ nísàlẹ̀ Grand Canyon

Ará_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin la fẹ́ lọ sun oru méjì nísàlẹ̀ Grand Canyon, ọ̀gbun ńlá tó wà ní Arizona, lóṣù kẹwàá. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ South Kaibab la fẹ́ gbà sọ̀kalẹ̀, ká gba ọ̀nà Bright Angel gòkè padà. Omi mélòó ló yẹ kí kálukú gbé? Ṣé a lè dáná? Ṣé gaàrí tó gbára lé?

Ẹlẹ́sẹ̀kan:
Kẹ́ ẹ tó dórí gaàrí, ìwé àṣẹ ńkọ́? Láìsí i, ẹ ò lè sùn nísàlẹ̀. Orí ìkànnì Recreation.gov lẹ ó ti tọrọ rẹ̀. Gègé ni wọ́n máa ń ṣẹ́, bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ṣáájú, nítorí náà ẹ fi ọjọ́ bíi mélòó kan sílẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

South Kaibab kò ní omi rárá, òjìji ibẹ̀ náà ò tó nǹkan. Lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bíi kìlómítà 11 ni dé ibùdó, ó sì já wálẹ̀ ju mítà 1,400 lọ. Bọ́ọ̀sì ọgbà ìjọba tí Grand Canyon wà nínú rẹ̀ ló ń gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà náà, wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò aládàáni dé ibẹ̀. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín kúrú, kẹ́ ẹ sì fún okùn bàtà le níbi ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń yọ̀ síwájú, ìka á máa gbá imú bàtà títí èékánná á fi dúdú.

Ìyá_Ìbejì:
Iná igi àti èédú, èèwọ̀ ni nísàlẹ̀. Sítóófù gáàsì kékeré ni kẹ́ ẹ lò, àmọ́ agolo gáàsì ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ rà á ní Flagstaff, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Grand Canyon Village.

Gaàrí dáa: kò wúwo, kò béèrè iná. Omi ló ń mu, torí náà ibùdó tí ẹ̀rọ omi wà ni kẹ́ ẹ ti rẹ ẹ́, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí ni iyọ̀. Ẹni tó bá ń da omi mu ṣáá láìjẹun, iyọ̀ ara rẹ̀ á já wálẹ̀: orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, ọ̀rọ̀ á dàrú lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á rò pé òùngbẹ ni, wọ́n á tún bu omi fún un, ọ̀ràn á sì burú sí i. Ẹ̀pà oníyọ̀ àti kúlíkúlí, ẹ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀, olè paraku ni! Á dá báàgì lu nítorí ẹ̀pà kan. Àpótí irin wà ní ibùdó, inú rẹ̀ ni kí gbogbo oúnjẹ wà.

Ará_Houston:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìgòkè ńkọ́?

Ẹlẹ́sẹ̀kan:
Ẹ ka ìgòkè sí ìlọ́po méjì wákàtí tẹ́ ẹ fi sọ̀kalẹ̀. Bright Angel tó kìlómítà 15. Oru kan nísàlẹ̀, oru kejì ní Havasupai Gardens, ibùdó tó wà láàárín ọ̀nà Bright Angel, ìyẹn ló dáa jù: ìyókù á ku bíi kìlómítà méje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ga ju mítà 900 lọ. Inú ìwé àṣẹ ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ omi wà ní Havasupai Gardens. Ti ilé ìsinmi méjì tó wà lókè rẹ̀, wọ́n máa ń tì í nígbà òtútù kó má bàa dì. Páìpù tó ń gbé omi náà ti wà láti àwọn ọdún 1960, ó sì máa ń bẹ́. Ẹ yẹ ojú òpó ọgbà náà wò lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì mú asẹ́ omi dání.

Bí ẹ bá pàdé àwọn ìbaaka lójú ọ̀nà, ẹ dúró síhà òkè, kì í ṣe etí ọ̀gbun, ẹ má mira títí ẹni tó ń dà wọ́n á fi ní kẹ́ ẹ máa lọ.