Ẹ má pè é ní “pàǹtí odò”

Orúkọ Yorùbá ni a jọ ń wá fún iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí odò ń gbé, àti fún ibi tó ń sọ̀ ọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n tó dá a lábàá pé kí á máa pe iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí odò ń gbé lọ ní “pàǹtí odò”, kí á sì pe omi tó rú ní “omi dúdú”, ẹ má bínú, n kò lè fọwọ́ sí i.

Pàǹtí ni ohun tí a gbá dànù. Ẹrẹ̀ yìí ni àwọn alákùrọ̀ etí odò Usuma, ní Gwagwalada níbí, ń retí, torí òun ló ń mú ilẹ̀ wọn lọ́ràá.

Ti “omi dúdú” tún wá le. Ní Kàínjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya ń kún lọ́dún. Omi àkọ́kọ́, láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, kún fún ẹrẹ̀ tí àwọn odò ìtòsí bíi Sókótó dà sí i. Òun ni wọ́n ń pè ní omi funfun. Èkejì ti Gínì wá, ó ti sọ ẹrẹ̀ tirẹ̀ nù sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Málì kó tó dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ni omi dúdú. Èyí tó mọ́ ni dúdú o!

Àbúrò tó ní kí á máa pe ẹrẹ̀ odò ní “gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀” sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bu omi Usuma sínú ìgò. Kí n tó délé, iyanrìn ti jókòó sídìí ìgò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ kúnnákúnná ti tẹ́ lé e, síbẹ̀ omi òkè ṣì rú bí omi tí a fi ṣan ìkòkò ògì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni èyí tó ti rọlẹ̀. Kí ni ká wá pe èyí tó ṣì wà lójú ọ̀nà?

“Ẹrù odò” ni tèmi. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá a rìn ti wà nílẹ̀: rù àti sọ̀. Bí òjò ọ̀sẹ̀ méjì bá dà lóòjọ́, bó ṣe ń ṣe lóde òní, sórí ilẹ̀ tí a ti gé igi rẹ̀ tán, ẹrù odò a pọ̀. Bí omi bá fà, kò ní lè rù ú mọ́, a sọ̀ ọ́ sáàárín ọ̀nà, òkìtì iyanrìn a yọ, odò a wá pín yà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Abuja lọ sílé lẹ́ẹ̀rùn, kó wo ìsàlẹ̀ láti orí afárá Odò Ọya nítòsí Lọ́kọ́ja.

Ó wá ku orúkọ ibi tí odò ń sọ ẹrù rẹ̀ sí. “Ìsọ̀ odò” ló wá sí mi lẹ́nu, bí ìsọ̀ ọjà. Ìyàwó mi, tó ní ìsọ̀ lọ́jà Kubwa, ní kí odò náà wá san owó ìsọ̀ tirẹ̀.