Òkété, ìnàkí àti téèpù: ìrírí mi nínú igbó Ngel Nyaki

Mo ti ń ka ìtàn tí ẹ̀ ń kọ síbí nípa bí ẹ ṣe bá ẹranko pàdé lójú ọ̀nà oko, ẹ sì ti pa mí lẹ́rìn-ín. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ni mo bá wọgbó, igi ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo bá pàdé.

Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà, wọ́n sì gbé mi lọ sí ìpínlẹ̀ Taraba. Àwọn ará ilé ní kí n tètè wá ẹni tí yóò bá wa dá mi padà sí ìhà Ìbàdàn. N ò wá ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ ewéko ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ti gbọ́ pé igbó kan wà lórí òkè Mambilla tí wọ́n ń pè ní Ngel Nyaki, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hazel Chapman láti Yunifásítì Canterbury ní New Zealand dá iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bíi 2004. Igbó ọba, tí ìjọba yà sọ́tọ̀, ni láti 1969. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Gembu ni mo ti ń kọ́ni, ìgbà tí ọmọ iléèwé bá wà ní ìsinmi ni mo máa ń lọ bá àwọn olùwádìí náà.

Ẹni tó bá ní kò sí òtútù ní Nàìjíríà, kó lọ sùn níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Láti Mayo Selbe ni ọ̀nà ti ń gun òkè, tó ń lọ́ kiri, títí etí yóò fi di. Bí o bá dé òkè, koríko ni lọ títí, màlúù, oko tíì, àti àwọn igbó kéékèèké tó fara pamọ́ sí ẹ̀bá òkè. Ngel Nyaki wà ní nǹkan bíi mítà 1,400 sí 1,600 sókè ju òkun lọ. Ilẹ̀ igbó ọba náà fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 46, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ igbó gan-an nínú rẹ̀ kò ju bíi méje lọ. Koríko ló kù.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi kò ní ìtàn nínú rárá: igi wíwọ̀n. Wọ́n ti pín ibì kan tó tó hẹ́kítà 20 sí ìlà-ìlà. Igi yòówù tó bá ti nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó ti ní nọ́ńbà lára. Ọ̀pá tí a gé sí mítà 1.3 la ń nà sí ẹ̀gbẹ́ igi, ibẹ̀ la ti ń fi téèpù yí i ká. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá yọ bí ògiri kọjá ibẹ̀, a ó gun àkàbà lọ wọ̀n ọ́n lókè, a ó sì fi ọ̀dà sàmì sí ojú ibẹ̀. Èmi rò pé àṣejù ni ọ̀dà yẹn títí ẹnìkan fi fi ìwé àtijọ́ hàn mí, níbi tí igi kan ti “tín-ín-rín” láàárín ìwọ̀n méjì. Igi ò tín-ín-rín o. Téèpù ló yẹ̀ díẹ̀ sókè. Igi tó jẹ́ pé mìlímítà bíi mélòó kan ló ń fi sanra lọ́dún, ìyẹn ti tó láti ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń fi ọdún márùn-ún sáàárín ìwọ̀n kan àti èkejì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní erékùṣù Barro Colorado ní Panama láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kí a lè fi igi ibí wé tọ̀hún.

Bàbá kan wà tó ń ṣáájú wa, ará abúlé tó wà nítòsí. Bí nọ́ńbà bá já kúrò lára igi, yóò fi èékánná ha èèpo rẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò pe orúkọ rẹ̀ ní Fúlàní, ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ yóò sì rí i pé bó ṣe wí náà ló rí. Àwa tí a ní ìwé ẹ̀rí ń wá gíláàsì ojú.

Òkété gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. A mọ̀ ọ́n nínú ọbẹ̀, àwọn àgbà sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tó bá Ifá mulẹ̀ tó tún da Ifá. Lọ́hùn-ún, àgbẹ̀ ni. Igi kan wà tó ń jẹ́ Carapa, kóró rẹ̀ tóbi tó àwúsá, kò sí ẹyẹ tó lè gbé e mì. Àwọn olùwádìí á lu ihò sí kóró náà lára, wọ́n á so òwú mọ́ ọn pẹ̀lú ìjá aṣọ tó pupa fòò, wọ́n á kó wọn sí ìdí igi, wọ́n á gbé kámẹ́rà tì wọ́n. Lóru ni òkété ń wá. Tó bá di àárọ̀, a ó máa wá aṣọ pupa kiri inú ewé gbígbẹ. Òmíràn, èèpo lásán la ó bá: ó ti jẹ ẹ́. Òmíràn, aṣọ náà yọrí, òwú rẹ̀ sì wọ ilẹ̀ lọ. Mo fẹ́ fi ọwọ́ wa ilẹ̀ láti wo bó ṣe jìn tó, Bàbá ní, “Kọ́pà, fi sílẹ̀. Òórùn ọwọ́ rẹ á lé e.”

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òkété ń ri kóró náà mọ́lẹ̀, kí olè má baà kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó pọ̀ níbẹ̀, yóò padà wá jẹ ẹ́. Èyí tí kò bá padà sí ló ń hù. Ọdẹ tó ń pa òkété ń pa igi náà lọ́nà kan, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yìn ogún, ọgbọ̀n ọdún lẹnikẹ́ni yóò tó mọ̀.

Ìnàkí ni gbogbo ẹni tó bá pè mí máa ń béèrè. Irú èyí tó wà níbẹ̀, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló kù sí láyé. Ẹ̀ ń gbọ́ ohùn wọn ju bí ẹ ṣe ń rí wọn lọ. Alaalẹ́ ni wọ́n ń ká ẹ̀ka pọ̀ ṣe ibùsùn tuntun lórí igi, ibùsùn yẹn la ń kà. A tún ń fọ ìgbẹ́ wọn nínú asẹ́ láti mọ kóró ohun tí wọ́n jẹ, ọ̀pọ̀tọ́ ló sì máa ń kún ibẹ̀. Ẹ má bi mí bí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà ṣe rí lẹ́nu mi.

Àwọn kan á ní kí wọ́n ṣáà fi wáyà yí igbó náà ká, kó tán. Wọ́n ti yí àwọn ibì kan ká létí igbó, kí màlúù má wọlé, kí iná tí wọ́n ń dá sí koríko ní ẹ̀ẹ̀rùn má sì dé ibẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀bọ tó ń gbé kóró kiri kì í fẹ́ jáde sórí koríko, koríko tó ga yẹn sì ń bo ọmọ igi mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, kò sí bí wáyà ṣe lè dá a ṣe láìjẹ́ pé ẹni tó ni màlúù náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Àwọn ọmọ Fúlàní wà lára àwọn tó ń wọn igi pẹ̀lú wa, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ èébú.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá gbé lọ sí Taraba, ẹ mú súwẹ́tà àti bàtà rọ́bà dání, kí ẹ sì kọ́ “Jam na?” kí ẹ tó dé, ìkíni àwọn Fúlàní ni. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ òkè, ní igbó ẹranko ìjọba tó wà ní Gashaka, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òkété tiyín náà ń ri kóró mọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?