A ti lọ Accra, a ti dé o

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an. Mo béèrè níjọ́sí bóyá ká gba ojú títì láti Ilé-Ifẹ̀ lọ gbárùkù ti Black Stallions, ikọ̀ rọ́gíbì Nàìjíríà, ní Accra. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ náà la gbà, a la Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá, a wọ Gánà ní ẹnubodè Aflao. Ẹnikẹ́ni ò bi wá ní físà. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lè lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú (yellow fever), ni wọ́n ń bèèrè, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó gbéra.

Nígbà táwọn ọmọ wa mẹ́jọ so èjìká pọ̀ lórí pápá, èyí tí wọ́n ń pè ní scrum nínú rọ́gíbì, tí wọ́n ń ti àwọn alátakò sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, a pariwo títí ohùn fi há. Ó wù mí kí ọmọ Ifẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju báyìí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ nígbà míì, kó tètè sọ̀rọ̀.