Ajá tí ara rẹ̀ ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀: ta ni ó ti tọ́jú irú rẹ̀ rí?

Ìyá Bingo, Bódìjà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin alájá ẹgbẹ́ mi. Àwọn ọmọ ogun inú ara Bingo, tí ó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ni wọ́n kọjú ìjà sí ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀. Prednisolone, oògùn tí ń pẹ̀rọ̀ sí ìjà náà, mú kí ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n bí a ti ń dín in kù ni èrìgì rẹ̀ tún funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú. Kí ni ojú yín ti rí?

Ará Mọ́níyà: Ẹ wo eégbọn.

Alágbà Àpáta: Ọ̀rọ̀ náà kúrú jù, àmọ́ òótọ́ ni. Babesia, kòkòrò àrùn tín-ín-rín tí eégbọn ń gbé kiri, máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ó sì tún lè ti ara ajá débi tí yóò fi máa bá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jà. Etí ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ajá tèmi fún àyẹ̀wò, nítorí pé kòkòrò náà máa ń pọ̀ sí àwọn iṣan tín-ín-rín ibẹ̀. Bí wọn kò bá tilẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kò fi hàn pé kò sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Challenge: Ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi nípa ebi tí oògùn yẹn ń fà. Ajá tí ó máa ń ṣa oúnjẹ jẹ di ẹni tí ń yọ́ wọ ilé ìdáná lọ jí àmàlà, ó ń mu omi bí ẹṣin, ó sì ń tọ̀ káàkiri pálọ̀ ní òru.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ṣé àmàlà nìkan ni ó jí, àbí ó bu gbẹ̀gìrì sí i?

Ìyá Ìbejì, Challenge: Kò dúró de ọbẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ kúkú dá oògùn náà dúró.

Alágbà Àpáta: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbọ́ tirẹ̀! Ẹni tí ó bá dá a dúró lójijì lè pa ajá náà, nítorí pé bí oògùn náà bá ti pẹ́ lára, ara kì í pèsè irú tirẹ̀ tó mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dín in kù fún ọ̀pọ̀ oṣù, a ó sì máa yẹ PCV wò, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí a tó dín in. Ti ajá tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín ìdá 37 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bàbá Ọlọ́dẹ: Gbogbo ìnáwó yìí lórí ajá? Epo pupa ni àwa ń rọ sí i lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì, Challenge: Ẹ̀yin tí ajá ń ṣọ́ ilé fún lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lọ béèrè iye tí gáàdì ń gbà lóṣù.

Bàbá Ọlọ́dẹ: N kò ní kí ó má tọ́jú rẹ̀. Epo ni mo sọ.

Alágbà Àpáta: Epo kò lè dá ara dúró kí ó má fọ́ ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó tún burú ni oògùn ìrora bíi diclofenac tàbí ibuprofen tí àwọn kan ń fún ajá. Bí ó bá pàdé prednisolone, ó lè dá egbò sí i nínú ikùn.

Ìyá Bingo, Bódìjà: Mo ti wá inú etí àti àárín ọmọ ìka rẹ̀, mo sì bá eégbọn níbẹ̀. A ń padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́la. Ó ní bí PCV bá tún wálẹ̀, a ó nílò ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn.

Ará Mọ́níyà: Ajá mi tóbi, ara rẹ̀ sì le. Bí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì bára mu, ẹ pè mí.