Corolla 2004 tòkunbọ̀ tí wọn ò tíì ṣe recall airbag rẹ̀: ṣé ó ṣeé rà?

Àlàó_Ìbàdàn
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Corolla 2004 kan ni mo ń wò, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.8, jíà ọtọmátíìkì. Mo fi nọ́ńbà ṣásì rẹ̀ wo ojú ewé NHTSA, àjọ ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní recall kan (ìyẹn kí ilé iṣẹ́ pe ọkọ̀ padà láti tún àléébù ṣe) wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì ṣe: inflator tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, ìyẹn agolo tó ń fẹ́ airbag, ti ẹni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹni tó ń tà á ní gbogbo Corolla ló ní in, pé iná SRS, iná ìkìlọ̀ airbag, kò tàn, kí n fọkàn balẹ̀. Ṣé ó ṣeé rà? Ta ló ń tún un ṣe ní Nàìjíríà? Ṣé ó yẹ kó já owó rẹ̀ wálẹ̀?

Rewáyà_Mọ́kọ́lá
Ọ̀rọ̀ iná SRS yẹn, ẹ jẹ́ kó tán níbẹ̀. Wáyà nìkan ni kọ̀ǹpútà SRS ń wò, bóyá iná lè dé ìdí airbag. Kò lè mọ ohun tó wà nínú agolo inflator. Takata tó ti bàjẹ́ pátápátá kò ní tan iná kankan.

Kẹ́míkà ammonium nitrate tí wọ́n tẹ̀ di kóró ni wọ́n kó sínú agolo náà, wọn ò sì fi nǹkan tó ń fa ọ̀rinrin mu sí ti ayé ọjọ́un. Ooru ọ̀sán, ìtutù òru, omi inú afẹ́fẹ́: bí ọdún ti ń gorí ọdún, kóró yẹn á máa sán, á máa di ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun sì ń yára jó ju kóró lọ. Bí ọkọ̀ bá wá kọlu nǹkan, agbára tó tú jáde á ju ohun tí agolo lè gbà mọ́ra lọ. Agolo á fọ́, irin rẹ̀ á ya aṣọ airbag, á sì gba ojú àti ọrùn ẹni tó jókòó. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi kọ́kọ́ kọjú sí Florida, Texas àti àwọn ìpínlẹ̀ tó móoru tó sì lọ́rinrin. Ẹ̀yin náà ẹ fi Èkó wé e.

Ọdún ọkọ̀ tiyín gan-an ló burú. Ní oṣù Kínní 2024, Toyota sọ fún àwọn tó ní Corolla àti Matrix 2003 sí 2004, àti RAV4 2004 sí 2005, ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má wà á mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Nǹkan bí 50,000 ọkọ̀ ni. Nínú wọn, àwọn kan tún ní recall kejì, torí airbag wọn lè tú láìsí ìjàǹbá rárá. Ẹ padà lọ wò ó bóyá recall kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́.

Adùkẹ́_Pààtì
Ohun tí Rewáyà sọ dájú. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú ewé yẹn kún un, torí ọ̀pọ̀ ló ń kà á sódì. Recall tí wọn ò tíì ṣe nìkan ló ń gbé jáde. Èyí tí wọ́n bá ti ṣe kì í hàn. Recall tó bá ti lé ní ọdún 15 lè má sí níbẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní orílẹ̀-èdè mìíràn kò sí níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ṣásì kò lè fi èyí hàn yín: 1NX ni Corolla tí wọ́n tò ní Kalifóníà, 2T1 ni ti Kánádà, ṣùgbọ́n ti Kánádà pọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo mítà eré. Bí kìlómítà bá jẹ́ nọ́ńbà ńlá, Kánádà ni wọ́n ti tà á, ojú ewé Toyota ti Kánádà ni kí ẹ lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: bí ojú ewé bá tilẹ̀ sọ pé kò sí gbèsè recall kankan, airbag tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tún un ṣe ni ó ń sọ. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti jàǹbá lọ́hùn-ún kí wọ́n tó gbé e wá. Airbag ti tú, wọ́n wá fi ògbólógbòó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn dí i, tàbí kí wọ́n kàn lẹ ìdérí mọ́ ọn, kí òfìfo wà lábẹ́. Torí náà, ara ọkọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò:

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì. Iná SRS gbọ́dọ̀ tàn bí ìṣẹ́jú àáyá 6, kó sì kú fúnra rẹ̀ nígbà tí iná ọ́ìlì àti ti bátìrì ṣì ń tàn. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ ọ́. Bó bá dúró dìgbà tí ẹ bá sítáàtì kó tó kú pẹ̀lú iná ọ́ìlì, wọ́n ti so wáyà rẹ̀ mọ́ ti iná ọ́ìlì. Ẹ fa bẹ́líìtì jáde tán, ẹ ka déètì tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá yàtọ̀ gan-an sí ọdún ọkọ̀, ẹ bèèrè ìdí. Scanner kékeré tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan kò wúlò fún èyí, ẹ wá èyí tó ń ka SRS. Wọ́n sì lè fi resistor kékeré, ègé tó ń dí iná lọ́wọ́, rọ́pò airbag láti tan òun náà jẹ, ẹ má gbára lé e nìkan.

Kọ́lá_Ọ̀nà
Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí a ò kàn fa wáyà airbag yẹn yọ, kí gbogbo ẹ̀ parí?

Rewáyà_Mọ́kọ́lá
@Kọ́lá, kì í ṣe ìmọ̀ burúkú o. Ní 2014, nígbà tí pààtì kò tó, Toyota fúnra rẹ̀ ní kí àwọn díílà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pa airbag iwájú yẹn, kí wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Ìdí ìkìlọ̀ náà ni pé ìjókòó tí kò ní airbag kì í ṣe ìjókòó tó ti sàn. Fún ìgbà díẹ̀ ni. Iná SRS á sì máa tàn títí, bí nǹkan mìíràn bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀.

Ẹni tó bá máa fọwọ́ kàn án, kó yọ tẹ́mínà nẹ́gátíìfù bátìrì, kó dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán, torí kọ̀ǹpútà SRS ṣì ń tọ́jú iná pamọ́. Wáyà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ti airbag ni. Kó má fi tẹ́sítà tàbí mítà ohm kan ìdí inflator láé. Iná kékeré tó ti inú mítà jáde lè tú u.

Adùkẹ́_Pààtì
@Àlàó, lórí ta ló ń tún un ṣe: ẹ gbé nọ́ńbà ṣásì lọ sọ́dọ̀ díílà Toyota tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè fi nọ́ńbà yẹn bèèrè inflator tuntun, bóyá ọ̀fẹ́ ni tàbí owó ni, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kò dè wọ́n níhìn-ín. Iye tí wọ́n bá kọ ni kí ẹ yọ kúrò nínú owó ọkọ̀. Oníṣòwò ò ní bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ jiyàn lọ títí. Bí díílà bá ní kò ṣeé ṣe, èmi ò ní ra 2004 yẹn, mà á wá òmíràn. Ẹ má ra airbag àlòkù ní Ládípọ̀ fi rọ́pò rẹ̀, Takata kan náà ló lè jẹ́.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí ní Houston tàbí Atlanta, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ díílà lọ́hùn-ún kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀fẹ́ ni.

Kọ́lá_Ọ̀nà
RAV4 2015 ńkọ́? Ó ní recall bátìrì.

Adùkẹ́_Pààtì
Ìyẹn ò le tó bẹ́ẹ̀. RAV4 2013 sí 2018 ni. Bí wọ́n bá fi bátìrì tí orí rẹ̀ kéré sí i, tí irin tó dè é kò sì le dáadáa, á yẹ̀ níbi kọ́nà, tẹ́mínà pọ́sítíìfù á kan irin náà, ọkọ̀ lè gbiná. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fọwọ́ mi bátìrì. Bó bá mì, ẹ dè é kó le, kí ìdérí tẹ́mínà pọ́sítíìfù sì wà lórí rẹ̀. Irin ìdè, àwo ìsàlẹ̀ àti ìdérí yẹn náà ni Toyota ń pààrọ̀ nínú recall ọ̀hún.