Èsì: “Ẹ̀kọ́ àyíká” ni àbí “ẹ̀kọ́ igbó”? Ẹ jẹ́ ká gbé “ìfigbókọ́ni” yẹ̀ wò

Ẹ̀yin ará mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé lórí orúkọ tó yẹ ká fún iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn tíṣà báyìí, ìyẹn bí èèyàn ṣe lè kó ọmọ ilé ìwé wọ inú igbó, kí igbó fúnra rẹ̀ wá di pátákó ìkọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ilé-Ifẹ̀ ní ká pè é ní “ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àyíká”, ká sì máa bá tiwa lọ. Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Mọ́kọ́lá ní “ẹ̀kọ́ igbó” ló rọrùn jù lẹ́nu. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ibì kan tí igi ṣì kù sí ní Ìbàdàn níbí. Èmi ni mo tú lẹ́tà yẹn sí Yorùbá. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀: “Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ẹ̀kọ́ Àyíká”. Ọjọ́ pé, àwọn olùkọ́ dé. Mẹ́rin nínú wọn mú ìgbálẹ̀ dání. Ìyá kan gbé ṣọ́bìrì. Bọ̀dá kan ti wọ bàtà òjò, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó wá bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, gọ́tà wo la ó kọ́kọ́ kó?”

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí lẹ́tà mi sọ ni wọ́n ṣe. Ta ló máa gbọ́ “àyíká” nílùú yìí tí kò ní ronú kan wolé-wolé? Láti ayé àwọn ológun ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sí wa létí lórí rédíò: ìmọ́tótó àyíká, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kí kálukú jáde wá gbá iwájú ilé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti rí iṣẹ́ gidi, ó ti níyàwó nílé. Ẹ ò lè dédé wá fà á lọ́wọ́ lọ sínú igbó kí aya rẹ̀ má tẹ̀ lé e.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀: à-yí-ká. Ohun tó yí nǹkan ká. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín, létí ará Ìbàdàn, ilé ni nǹkan ọ̀hún. Àyíká ilé, àyíká ọjà, àyíká ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi bàbá tó ń ṣọ́ igbó ibi tí a lọ yẹn, ọmọ ọdẹ ni wọ́n, bóyá igbó náà wà lára àyíká. Wọ́n wò mí títí. “Àyíká kí ni? Ilé ta ló wà láàárín rẹ̀?” Mi ò rí èsì fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n Ifẹ̀ fi iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn ẹmẹ̀wà wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní bí wọ́n bá lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún sáyẹ́ǹsì nígbà yẹn, kí ló dé tí “ìmọ̀ àyíká” á fi há wa lọ́nà ọ̀fun. Òótọ́ ni, àmọ́ “ìmọ̀” gan-an ni ìṣòro mi kejì. Nígbà tí UNESCO àti àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe àpérò sí Tbilisi, olú ìlú Georgia, ní 1977, ohun márùn-ún ni wọ́n ní irú ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣe: kó la ojú ẹni, kó fún ni ní ìmọ̀, kó tún ìhà tí a kọ sí ayé ṣe, kó kọ́ wa ní ọgbọ́n iṣẹ́, kó sì mú wa kópa. Ìmọ̀ ò ju ọ̀kan nínú márùn-ún lọ. “Ẹ̀kọ́” nìkan ti gba gbogbo rẹ̀, torí ní Yorùbá, ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ ju ẹni tó kàwé lọ. Bí a bá wá fi “ìmọ̀” lé e, a ti dín in kù ni.

Ó yá, ká wá sórí “igbó” Àǹtí wa.

Ẹ kọ́kọ́ fi “ẹ̀kọ́ igbó” ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn bàbá ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ àwọn ní mímu igbó. Àwọn ìyá ò ní rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Ìyá tó bá ń gbé Ìbàdàn ní oṣù kẹta 2014, tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá nínú igbó Ṣóká, àwọn èèyàn tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀, egungun orí èèyàn nílẹ̀, ẹ fẹ́ kọ̀wé sí i pé ẹ ń kó ọmọ ẹ̀ lọ síbi ẹ̀kọ́ igbó? Ọmọ yẹn ò ní wá. Àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í sábà rántí pé ọ̀rọ̀ máa ń ní ìtàn ní ìlú kan tí kò ní ní ìlú kejì. Ní Ondó, ó ṣeé ṣe kí “igbó” máà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù ò sàn jù. “Aginjù”? Àwọn oníwàásù ti kó iyanrìn sínú ẹ̀, wọ́n ti fi ogójì ọdún rìn ín. “Ìgbẹ́”? Ẹ dákun, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ là ń sọ. “Ẹgàn”, ìyẹn igbó tí wọn ò gé rí, ni ó wu èmi fúnra mi, torí ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ó sì lọ́lá. Ṣùgbọ́n ẹ mú àmì ohùn kúrò lórí “ẹ̀kọ́ ẹgàn” bí gbogbo ayé ṣe ń mú un kúrò lórí fóònù, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń gan èèyàn ló kù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹgàn ò wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn mọ́. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́, tó tó hẹ́kítà 350, oko ni púpọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ìgbà tí ọkọ́ kúrò níbẹ̀ ni igi padà hù. Igbó tó dáa ni, àmọ́ ẹ má pè é ní ẹgàn níwájú ọdẹ, wọ́n á bi yín bóyá ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti gé e rí. Ìlú tí orúkọ ẹ̀ gan-an jẹ́ Ẹ̀bá Ọ̀dàn, etí ọ̀dàn ló tẹ̀dó sí, ká máa rántí.

Àǹtí wa tún dá a lábàá pé ká fara wé “akọ́nimọ̀ọ́gbá” tí gbogbo oníbọ́ọ̀lù ń lò, ká pe tíṣà tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní “akọ́nimọgbó”. Mo gbádùn rẹ̀ nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ kíákíá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú yàrá mi. Ẹ̀yin náà, ẹ dán an wò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, “akọ́nimugbó” ló jáde, ọlọ́pàá sì lè bá wa dá sí i.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ká wo iṣẹ́ tí olùkọ́ ń ṣe. Bí mo bá ní “Mo kọ́ ọmọ náà nígbó”, ìtumọ̀ méjì ló ní: igbó ni ibi tí mo ti kọ́ ọ, tàbí igbó ni ohun tí mo kọ́ ọ. “Ní” ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní “Mo fi igbó kọ́ ọmọ náà”, ó ti yanjú. Igbó ti di irinṣẹ́, bí ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń gé iṣu. Ohun tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn tíṣà wọ̀nyí gan-an nìyẹn: kì í ṣe kí ọmọ lè ka orúkọ igi sórí nìkan, igi ni wọ́n á fi kọ́ ọ ní ìṣirò, omi, ilẹ̀, ìwà. Àwọn ará Jámánì so igbó àti ọgbọ́n ìkọ́ni pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan, “Waldpädagogik”, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá kọ́ ọ ní ìwé ẹ̀rí. Tiwa lè ju tiwọn lọ, torí a ní “fi”, wọn ò ní in.

Nítorí náà, “ìfigbókọ́ni”. Ì-fi-igbó-kọ́-ni. Kò ṣàjèjì: ẹ ti ń sọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ ti ń sọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó gùn jù ú lọ dáadáa. Ẹni tó ń ṣe é, “afigbókọ́ni”, bí a ṣe ní afọbajẹ, a-fi-ọba-jẹ. Ní ti igbó mímu, ẹ ṣàkíyèsí pé “mu” tàbí “fà” ló ń sọ igbó di ohun tí à ń fi iná sí. Bí “fi” bá ti ṣáájú rẹ̀, ọkàn ẹni kì í tètè lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣáá á rí i rín, kò burú. Ti Ṣóká ò tán pẹ̀lú èyí, mo gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kọ orúkọ igbó tí wọ́n ń lọ àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ sínú lẹ́tà, kí ìyá ọmọ rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ní ká máa bi àwọn tó wà nínú igbó kí á tó ṣẹ̀dá ohunkóhun. Lọ́jọ́ kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, lẹ́yìn tí a ti kó ìgbálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fi okùn yí ìwọ̀n mítà kan ká nílẹ̀, kó kọ ohun tó bá rí níbẹ̀. Èmi ti ṣe àtòjọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Fún ewé tó bo ilẹ̀, mo ti kọ “àkójọ ewé gbígbẹ orí ilẹ̀”. Bàbá ọdẹ yọ ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ha ewé náà kúrò díẹ̀díẹ̀. “Ìràwé,” ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ń lò nígbà tí mo wà ní kékeré! Mo gbàgbé ẹ̀, mo lọ ṣẹ̀dá òmíràn tó gùn bí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Abẹ́ ìràwé ni ilẹ̀dú, ó tutù, ó ń rùn bí òjò. Ọ̀kùn kan ká jọ síbẹ̀. Nínú ilẹ̀dú yẹn ni nǹkan funfun kan ti ta bí òwú aláǹtakùn, ó lẹ̀ mọ́ ìràwé. Olùkọ́ kan bèèrè pé kí ni. Bàbá ní, “Olú ló ń bọ̀ yẹn.” Wọn ò sọ orúkọ, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sọ.

Nígbà tí a dé ìdí ìrókò, àwọn olùkọ́ kan fà sẹ́yìn, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ olúwéré ṣe rí. Bàbá ní kí wọ́n súnmọ́ ọn, pé èyí akọ ni, kì í so. Igi kan ní akọ, igi kan ní abo, abo ló ń so, àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ tó ń gbé irúgbìn lọ. Mo rò pé ìtàn ni, mo lọ wò ó, bí àwọn onímọ̀ igbó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Kódà kòkòrò tó ń jẹ́ kí ewé ọmọ ìrókò wú ní kókó-kókó, tí kì í jẹ́ kó dàgbà bí wọ́n bá gbìn ín lọ rẹrẹ, bàbá mọ̀ ọ́n. “Kókó ewé” ni wọ́n pè é. Mo ti fi í sínú àtòjọ.

Ọ̀rọ̀ tí ará ìlú bá dá fúnra wọn ló ń pẹ́. Lẹ́yìn tí odò Ògùnpa kún ní 31 oṣù kẹjọ 1980, tó gbé ilé gbé èèyàn, ta ló jókòó ṣe ìpàdé kí “omíyalé” tó kúnnu gbogbo ènìyàn?

Ohun kan tó tan mọ́ ọn, kí n tó dákẹ́. Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa nínú ìwé àwọn onímọ̀: Malimbus ibadanensis, 1958 ni wọ́n fún un lórúkọ yẹn. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí nìkan ló wà lágbàáyé, ó dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa, wọ́n sì ń rí i nínú igbó IITA yẹn. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni. Mo dá “ẹ̀gà Ìbàdàn” lábàá, àyàfi bí ọdẹ kan bá ti ní orúkọ fún un tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà ọ̀wọ́ kejì àwọn olùkọ́ ń jáde ní ọjọ́ Ẹtì. “Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Afigbókọ́ni” ni mo kọ sórí rẹ̀, mo sì fi kún un nísàlẹ̀ pé kí wọ́n má mú ìgbálẹ̀ wá. Ẹni tó bá ní orúkọ fún nǹkan funfun abẹ́ ìràwé yẹn, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ní báyìí, “olú ń bọ̀” ni mo kọ síbẹ̀.