Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ yunifásítì yìí o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ado-Ekiti ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí PhD, yunifásítì kan nílùú òyìnbó wá fún mi níṣẹ́ ọdún mẹ́ta, ìwádìí pẹ̀lú ìkọ́ni, lórí bí wọ́n ṣe ń dín ewu àjálù kù kó tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ká máa pín ìrẹsì lẹ́yìn tómi ti gbé ilé lọ bíi tiwa níbí. Wọ́n ní kí n mú iṣẹ́ ìwádìí tèmi wá. Gbogbo èèyàn ló ti kọ̀wé lórí omíyalé 2012 àti 2022, àmọ́ ní Ekiti atẹ́gùn ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ń ṣí òrùlé wa, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ igi tíkán ti jẹ, ìṣó gan-an ò tó. Ṣé kí n dúró lórí ìyẹn àbí wọ́n á ní ó kéré? Ìlànà Sendai, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé lórí dídín ewu àjálù kù, táwọn tó ń fówó sílẹ̀ fún ìwádìí ń tẹ̀lé, á parí ní 2030, ṣé owó ò ní gba ibòmíì lọ báyìí? Màámi ní ọdún mẹ́ta kì í ṣe iṣẹ́, kí n kúkú dúró sílé. Ẹni tó bá ti ṣerú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kíláàsì mélòó ni kí n gbà lọ́dún àkọ́kọ́ tí ìwádìí ò fi ní bọ́ lọ́wọ́ mi, ṣé mo sì lè ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí n tó sáìnì?